Agogo Tó Dún Lórí Pèpéle

Ẹni tó bá fẹ́ bá Samson Oyèlọlá sọ̀rọ̀ ní gáréèjì Òrè, kó má wulẹ̀ wá àga fún un. Samson kì í jókòó. Bó bá ń dá ọ lóhùn, ojú rẹ̀ á ti kọjá èjìká rẹ, á ti lọ bá àwọn èrò tó ń ṣù jọ sídìí ọkọ̀ Bìní, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì máa tẹ̀ síhìn-ín tẹ̀ sọ́hùn-ún bíi ti adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí. Iṣẹ́ tí wọ́n gbà á sí náà ni pé kó máa to èrò sórí ìlà, kí wọ́n má baà ti ara wọn sábẹ́ táyà. Ṣùgbọ́n bí wọn ò tilẹ̀ gbà á síṣẹ́, ohun tí ì bá máa ṣe nìyẹn.

Levi, awakọ̀ kan tí òun àti Samson jọ jẹ́ ẹgbẹ́, ló sọ ọ́ ní Má-jókòó.

"Samson," Levi á ní, "lọ́jọ́ tí wọ́n bá máa sin ẹ́, òòró ni wọ́n máa gbé ẹ sí nínú pósí."

"Ṣé ìwọ lo máa wa ọkọ̀ òkú náà?"

"Ta ni ì bá tún wà á?"

"Mi ò tíì ní kú nígbà náà. Mi ò fẹ́ kí ọkọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà."

Àwọn awakọ̀ á rẹ́rìn-ín, Samson náà á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò ní kúrò lára èrò.

Ìṣọ́ ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Àwọn òbí rẹ̀ kúrò ní apá Ìkirè wá sí Omifúnfún láti bá olóko ṣe oko kòkó, inú ilé pákó kan tó wà létí ibi tí wọ́n ti ń sá kòkó ni wọ́n sì bí i sí. Nígbà tó tó ọmọ tó lè dá dúró nílé, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti máa wojú ọ̀run. Kòkó tí òjò bá pa lórí ẹní a máa bu, ẹni tó ń ra kòkó á sì ti gbóòórùn rẹ̀ kí wọ́n tó tú àpò. Nítorí náà, bí ìkùukùu bá ti ń kóra jọ lápá Agbábù, Samson á ti figbe ta, ìyá rẹ̀ á sáré jáde, wọn á ká ẹní. Nígbà míì òjò náà kò ní rọ̀, wọn á tún tẹ́ ẹ padà. Bàbá rẹ̀ kò bá a wí rí nítorí òjò tí kò rọ̀. Ó máa ń sọ pé kí èèyàn ká ẹní lásán nígbà mẹ́wàá sàn ju kó pẹ́ kó tó ká a lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lọ.

Ó dàgbà tán, ojú ọ̀run yẹn kò kúrò lójú rẹ̀. Ó lọ sí Èkó, ó ru búlọ́ọ̀kù fún àwọn bíríkìlà, ó ṣọ́ géètì, kí wọ́n tó gbà á sí ibùdókọ̀ ojú irin kan pé kó máa dúró lórí pèpéle tí èrò ti ń wọ ọkọ̀. Wọ́n fún un ní fèrè àti ẹ̀wù tó ń dán. Wọ́n ti fi ọ̀dà aláwọ̀ ìyeyè fa ìlà kan sétí pèpéle náà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ tẹ ìlà yẹn títí ọkọ̀ yóò fi dúró. Ibẹ̀ ni Samson ti kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀.

Sẹ́ńsọ̀ náà kò tóbi ju páálí ọṣẹ lọ. Abẹ́ òrùlé ni wọ́n ń so ó mọ́, ojú rẹ̀ á dojú kọ ilẹ̀. Kì í ya fọ́tò, kò mọ Táyé yàtọ̀ sí Kẹ́hìndé. Orí èèyàn ló ń wò láti òkè, bí orí kan ṣe jìnnà sí ìkejì rẹ̀. Lójú fóònù ẹni tó ń ṣọ́ ọ, orí kọ̀ọ̀kan á hàn róbótó bí èkùrọ́. Bí àyè bá wà láàárín wọn, pèpéle náà á ní àwọ̀ ewé. Bí wọ́n bá ń súnmọ́ra jù, á di àwọ̀ ìyeyè. Bó bá wá pọ́n, a jẹ́ pé èèyàn ò lè gbé apá mọ́ láìgún ẹlòmíì níhà. Nígbà náà ni agogo á dún, gbogbo èrò á sì sún sẹ́yìn. Samson fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí ju oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ lọ. Ó dà bí ẹni pé wọ́n bá a wá ẹlòmíì tí yóò máa wojú ọ̀run. Ibẹ̀ ló ti kọ́ ohun tó ń sọ fún gbogbo èèyàn títí dòní, pé kì í ṣe pípọ̀ èrò ló ń pa èèyàn, àìsí àyè ni.

Àìsàn ìyá rẹ̀ ló mú un padà wálé. Ìyá náà kú, Samson kò sì padà sí Èkó mọ́. Ó fẹ́ Olúbísí, ọmọ Ìkálẹ̀ kan tó ń kọrin nílé àdúrà kan tó wà láàárín Òrè àti Odígbó. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, Olúwatóyọ̀sí, wọ́n sì ń gbé lẹ́yìn gáréèjì, níbi tí Samson ti lè máa gbọ́ ariwo èrò láti orí bẹ́ẹ̀dì.

Aládùúrà ni àwọn ará ilé àdúrà náà, aláṣọ funfun, tí kì í wọ bàtà bí wọ́n bá ti wọ aṣọ àdúrà. Lọ́dọọdún wọ́n máa ń ṣe àpéjọ, àwọn èèyàn á sì wá láti Araromi-Obù, láti Okìtìpupa, láti Èkó pàápàá. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó kẹ́yìn, gbogbo wọn á fẹ́ lọ sílé lẹ́ẹ̀kan náà. Bọ́ọ̀sì ló ń kó wọn lọ sí oríta Òrè, orí pèpéle kan tí wọ́n fi kọnkéré kọ́ sétí títì ni wọ́n sì ti ń wọ̀ ọ́. Pèpéle náà gùn, ṣùgbọ́n kò fẹ̀. Àtẹ̀gùn wà ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọ̀nà tó tẹ́jú wà ní ìparí rẹ̀ lọ́hùn-ún, gọ́tà jíjìn sì wà láàárín òun àti títì, àyàfi ibi tí wọ́n bá tẹ́ pákó sí fún ẹnu ọ̀nà ọkọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, inú gọ́tà yẹn ni Olúbísí ṣubú sí. Kò sí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ tì í. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, wọn ò rí iwájú, wọ́n ń sún; àwọn tó wà níwájú kò sì rí ibi tí wọ́n lè sún sí. Orúnkún ló fi gbalẹ̀. Wọ́n tò ó, egungun náà sì so, ṣùgbọ́n orúnkún náà kò ká mọ́. Olúbísí kò lè kúnlẹ̀, kò lè lóṣòó, bó bá sì jókòó, ẹsẹ̀ kan á nà gbọọrọ síwájú rẹ̀ bí ọwọ́ ọkọ́. Dókítà sọ fún wọn pé bó bá tún fi ẹsẹ̀ yẹn ṣubú, kò dájú pé yóò tún fi rìn.

Láti ọjọ́ náà ni ara Samson kò ti balẹ̀ rárá. Bó bá ń jẹun, á dìde. Bí wọ́n bá ń wàásù, á jáde lọ dúró lórí pèpéle òfìfo yẹn, á máa wo ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti ṣubú, á máa wo àtẹ̀gùn, á tún máa wo gọ́tà. Nígbà tó yá, ó lọ bá Bàbá Ọlọ́rundáre, olórí ilé àdúrà náà, ó ní òun mọ ohun tí wọ́n ń lò níbi tí èrò ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin, òun sì fẹ́ kí wọ́n jẹ́ kí òun so ó mọ́ òrùlé pèpéle wọn.

Àwọn àgbà ìjọ pe ìpàdé lé e lórí. Ìyá kan ní òun ò fẹ́ ojú tí kì í ṣẹ́jú lókè orí òun. Samson ṣàlàyé fún un pé kì í ṣe ojú, pé kò tilẹ̀ lè mọ̀ bóyá ọkùnrin ló dúró tàbí obìnrin. Àgbà kan béèrè bóyá ẹ̀rọ náà lè rí ohun tó wà nínú ọkàn èèyàn. Samson ní rárá. Àgbà náà ní a jẹ́ pé kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò fún ìjọ yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì rọ̀ díẹ̀.

Bàbá Ọlọ́rundáre kò rẹ́rìn-ín. Ó kọjú sí Samson, ó sì sọ pé, "A ó gbà á lọ́dún yìí. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá ṣubú lábẹ́ ẹ̀rọ rẹ, wàá sọ̀ ọ́ kalẹ̀, a ò sì ní gbọ́ nípa rẹ̀ mọ́."

"Mo gbà, Bàbá," ni Samson wí. "Èmi fúnra mi ni màá gun àkàbà."

Àzíìz ló bá a so ẹ̀rọ náà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó máa ń tún sẹ́ńsọ̀ ṣe ní ibùdókọ̀ ojú irin yẹn ni tẹ́lẹ̀, kó tó wá ṣí ṣọ́ọ̀bù sólà sí Òrè. Ó so ó mọ́ abẹ́ páànù, ó fi gbohùngbohùn kan sára òpó àárín, ó sì fi gílóòbù kékeré kan sókè àtẹ̀gùn. Bí gílóòbù náà bá ní àwọ̀ ewé, Ìdáraolúwa, ọ̀kan nínú àwọn atọ́nà ìjọ, á tú okùn kí èrò gòkè. Bó bá pọ́n, á fa okùn dí ọ̀nà. Àzíìz tún béèrè nípa ẹrù, nítorí ó mọ̀ pé àwọn èrò àpéjọ a máa gbé kúlà, àpò gàrí àti garawa. Àwọn méjèèjì fẹnu kò pé ohunkóhun tí kò bá ga tó àyà èèyàn, kí ẹ̀rọ náà má kà á, kó má baà pe kúlà ní Kristẹni.

"Ẹ̀gbọ́n, ìró wo ni ká fi sí i?" ni Àzíìz béèrè. "Fèrè wà ńbẹ̀. Agogo wà. Ohùn ìyá òyìnbó kan náà wà tó ń ní kí wọ́n sún sẹ́yìn."

"Ta ló fẹ́ gbọ́ tìyá òyìnbó ní Odígbó? Fi agogo sí i. Kò sí ará ìjọ wa kan tí kò mọ agogo."

Òótọ́ ni. Kò sí ìkankan nínú wọn tí kò mọ̀ ọ́n.

Wọ́n dán an wò ní ọjọ́ kan tí kò sí ìpàdé. Levi àti àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló wá ṣe èrò fún wọn. Wọ́n fún ara wọn pọ̀ lórí pèpéle, wọ́n ń ti ara wọn, wọ́n ń pe ara wọn ní àgbà wòlíì. Agogo dún, wọ́n sún sẹ́yìn bí Samson ṣe ní kí wọ́n ṣe, gílóòbù tún di àwọ̀ ewé. Levi ní ẹ̀rọ náà gbọ́n ju Samson lọ, nítorí ó mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Fún ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Samson rí oorun sùn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tó kẹ́yìn àpéjọ, ara rẹ̀ kò tún balẹ̀ mọ́. Ó bá Olúbísí níwájú dígí, ó ń so ìgbànú aṣọ àdúrà rẹ̀. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró sílé, pé bí ìsìn bá parí, kó jẹ́ kí ọlọ́kadà gbé e wálé láti ẹnu géètì, kó má dé orí pèpéle rárá. Olúbísí ní ilé Ọlọ́run tí òun ti ń kọrin láti kékeré, òun kò ní máa gba ẹ̀yìnkùlé jáde níbẹ̀ bí ẹni jalè.

"Ìyá Tóyọ̀sí, ẹsẹ̀ yẹn—"

"Ẹ̀yin lẹ ní ẹ̀rọ yín máa ń ṣọ́ èèyàn," ni Olúbísí wí. "Ṣé kò ní ṣọ́ èmi ni?"

Samson mú fóònù, ó jáde, ó gbàgbé ṣúgà sínú ife láìpò ó.

Ìsìn parí ní ọ̀sán. Bọ́ọ̀sì méjì gbéra wọ́ọ́rọ́wọ́, pèpéle sì wà ní àwọ̀ ewé. Samson dúró nídìí òpó àárín, fóònù lọ́wọ́, ó ń wo èkùrọ́ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe ń rìn lójú rẹ̀. Ọkọ̀ Levi ló kàn, ṣùgbọ́n Levi kò dé. Ó tẹ Samson láago pé tírélà kan ti dábùú ọ̀nà lóríta, pé kí wọ́n ṣe sùúrù. Ta ni yóò ṣe sùúrù? Oòrùn ń mú, àwọn ará Èkó ń wo aago, àwọn ìyá ń gbé kúlà sórí, wọ́n sì ń gòkè. Samson wo apá ìparí pèpéle lọ́hùn-ún, ó sì rí Olúbísí. Ó wà níwájú pátápátá, létí gọ́tà, nítorí ó ti gbọ́ pé ọkọ̀ ń bọ̀. Ó fi ọwọ́ sọ fún un pé kó sún sẹ́yìn. Olúbísí fi ọwọ́ sọ fún un pé ẹ̀yìn kún.

Fóònù di àwọ̀ ìyeyè. Samson ń fẹsẹ̀ gbá òpó láìmọ̀. Ẹ̀rọ, dún, ó ń sọ ọ́ nínú ara rẹ̀, dún, òjò ti ṣú. Ojú fóònù pọ́n. Agogo dún látinú gbohùngbohùn, ó rinlẹ̀, ó sì já gaara: gbọ̀n-ún, gbọ̀n-ún, gbọ̀n-ún.

Samson ń retí kí wọ́n sún sẹ́yìn. Wọ́n kúnlẹ̀.

Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn. Nílé àdúrà náà, bí agogo bá dún, orúnkún ló ń gbọ́ ọ kí etí tó gbọ́ ọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti wà lẹ́yìn ìyá wọn ni wọ́n ti mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá gbé kúlà kalẹ̀, wọ́n kúnlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àwọn tí kò rí àyè kúnlẹ̀ fi orúnkún lé ẹsẹ̀ ẹni iwájú wọn. Gbogbo pèpéle di aṣọ funfun pẹrẹsẹ, ojú dì, àdúrà sì bẹ̀rẹ̀ sí hó bí omi orí iná. Nígbà náà ni agogo náà dákẹ́. Samson wo ọwọ́ rẹ̀. Fóònù ti padà sí àwọ̀ ewé.

Fún ìgbà díẹ̀, inú rẹ̀ dùn. Kí ló dé tí inú rẹ̀ kò ní dùn? Àwọ̀ ewé ló rí, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gba àwọ̀ ewé gbọ́. Àfi ìgbà tó ṣàkíyèsí pé gbogbo èkùrọ́ ti pòórá lójú fóònù, ó ku ti òun fúnra rẹ̀ nídìí òpó àti ẹyọ kan. Ẹyọ kan ṣoṣo, níwájú pátápátá, létí gọ́tà.

Ó gbójú sókè. Olúbísí ni. Láàárín gbogbo àwọn tó kúnlẹ̀, òun nìkan ló dúró, nítorí orúnkún rẹ̀ kò ká.

Ó wá yé Samson. Ẹni tó bá kúnlẹ̀ kò ga tó àyà ẹni tó dúró. Gbogbo èrò yìí ni ẹ̀rọ náà ti kà mọ́ kúlà. Ó rò pé pèpéle ti ṣófo. Samson yíjú sí àtẹ̀gùn, ó rí i pé gílóòbù ibẹ̀ náà ti di àwọ̀ ewé, pé Ìdáraolúwa ti tú okùn, àwọn tó wà nísàlẹ̀ sì ń dà gòkè pẹ̀lú ẹrù lórí, wọ́n ń bọ̀ wá bá ẹ̀yìn àwọn tó kúnlẹ̀.

Ó kígbe pe Ìdáraolúwa. Àdúrà gbé ohùn rẹ̀ mì. Ó fẹ́ sáré lọ síbẹ̀, kò sí ibi tí yóò fẹsẹ̀ tẹ̀ tí kì í ṣe orí èèyàn. Àwọn tó kọ́kọ́ gòkè ti kọlu àwọn tó kúnlẹ̀. Ó rí i bí aṣọ funfun náà ṣe ń mì láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú bí ìgbà tí atẹ́gùn bá wọ pápá ìrẹsì. Ìyá kan tó wà létí na ọwọ́, ó gbá kúlà rẹ̀, kúlà náà sì yí wọ inú gọ́tà. Níwájú ibẹ̀ ni Olúbísí dúró sí, lórí ẹsẹ̀ kan tó dáa àti èkejì tí kò ṣeé fọkàn tẹ̀.

Ó ronú kan agogo, pé kí òun tún mú un dún, bó ṣe máa ń dún nínú ìsìn kí wọ́n lè dìde. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá dìde fìrì lẹ́ẹ̀kan náà, ti iwájú yóò wọ gọ́tà. Olúbísí ń wò ó. Ojú tirẹ̀ nìkan ló là lórí pèpéle yẹn.

"Ìyá Tóyọ̀sí," ni Samson pè, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, "gbé orin ìwọ́de."

Ó rí i pé Olúbísí wo àtẹ̀gùn, ó wo gọ́tà, ó sì lóye. Ó mí kanlẹ̀, ó gbé e.

Ìwọ́de ni ìrìn tí àwọn ará ilé àdúrà náà máa ń rìn yí ọgbà ká bí ìsìn bá fẹ́ parí. Méjì méjì ni wọ́n ń rìn ín, jẹ́jẹ́, láìwọ bàtà, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ ya ẹni iwájú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ìyá á fi ojú bá a wí títí di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Orin rẹ̀ lọ́ra, ó ní ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà bọ́ sí i. Ohùn Olúbísí gbà á, ó ròkè, ó kọjá àdúrà. Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ lajú. Ẹnì kan gbè é, ẹlòmíì gbè é. Olúbísí yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí gọ́tà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tiro lọ sí ìparí pèpéle, níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú. Ìlà iwájú dìde, méjì méjì, wọ́n tẹ̀ lé e. Ìlà kejì dúró de wọn, ó dìde. Àwọn tó ń fún bọ̀ lórí àtẹ̀gùn gbọ́ orin náà, wọ́n sì ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fi fèrè mú wọn ṣe: wọ́n dúró, wọ́n wá ẹnì kejì wọn, wọ́n ń retí kó kàn wọ́n. Ìdáraolúwa fa okùn. Nígbà tí Levi dé, tó ń fọn fèrè ọkọ̀ láti òkèèrè, gbogbo wọn ti yí pèpéle ká wọ inú ọgbà padà, wọ́n ń kọrin, Olúbísí sì wà níwájú wọn.

Samson kò kọrin. Ó di òpó mú. Nǹkan míì ló ń dùn ún báyìí, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ yẹn: agogo yẹn dún létí òun náà, ọmọ ìjọ lòun, síbẹ̀ orúnkún òun kò mira.

Bí èrò ṣe lọ tán, ó lọ gbé àkàbà. Ó gbé e ti òpó, ó ń wá sípánà, nígbà tí Bàbá Ọlọ́rundáre àti àwọn àgbà dé ibẹ̀. Bàbá béèrè ohun tó ń ṣe. Samson ní àdéhùn ni òun ń mú ṣẹ, nítorí ẹ̀rọ òun ló pe àwọn èèyàn sínú ewu.

"Ta ló ṣubú?" ni Bàbá béèrè.

Ìdáraolúwa ló dáhùn.

"Kúlà kan ni, Bàbá. Ìrẹsì ló wà nínú rẹ̀."

Ẹ̀rín ta wọ́n lẹ́nu, kódà Bàbá fi ọwọ́ bo tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí Samson gbé àkàbà kúrò níbẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ náà rí ewu kí ẹnikẹ́ni tó rí i, kò purọ́ títí dé ibẹ̀. Ohun tó fi kìlọ̀ ló ṣi ọ̀rọ̀ sọ. Agogo ti ní ohun tó ń sọ fún ìjọ yìí kí wọ́n tó so ẹ̀rọ kankan, wọn kò sì lè gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Kí Samson wá ohùn mìíràn.

Olúbísí ti wá jókòó sórí àga oníke kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nà síwájú, ó ń fi etí aṣọ nu ojú.

"Bàbá Tóyọ̀sí," ló wí, kò gbóhùn sókè, "ẹ ti pẹ́ lórí pèpéle àwọn ará Èkó jù."

Samson gbé ojú sílẹ̀. "Mo ti pẹ́ ńbẹ̀ lóòótọ́," ló wí.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Àzíìz wá pẹ̀lú fóònù rẹ̀, ó gba ohùn Olúbísí sílẹ̀ nígbà tó ń gbé orin ìwọ́de. Ó ní kó tún un kọ nítorí àkùkọ kan kọ láàárín rẹ̀. Olúbísí tún un kọ, ó sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí ìparí rẹ̀ ní Ìkálẹ̀, bí ìyá ṣe ń sọ fún ọmọ tó ń sáré lórí ilẹ̀ tútù pé kó rọra. Àzíìz tún dín gíga tí ẹ̀rọ náà ń kà kù, kó lè máa rí ẹni tó bá kúnlẹ̀. Ó kìlọ̀ fún Samson pé láti ìsinsìnyí lọ, ẹ̀rọ náà yóò máa ka àwọn kúlà gíga náà pọ̀ mọ́ èèyàn. Samson ní kò burú.

Ó sì bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ní ọjọ́ Ìsinmi kan tí àwọn ìyá ìjọ ṣe àsè, wọ́n to kúlà àti garawa jọ gègèrè sórí pèpéle láti dúró de ọkọ̀ Levi. Èèyàn kò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Ohùn Olúbísí ta látorí òpó, ó gbé orin, àwọn ìyá wo ara wọn, wọ́n dìde ní méjì méjì, wọ́n fi ẹ̀rín kọrin lọ títí dé ìparí pèpéle, wọ́n sì tún padà wá gbé ẹrù wọn.

Levi yọrí láti fèrèsé ọkọ̀. "Má-jókòó," ló pè, "ìyàwó rẹ ń sin kúlà lọ sílé o."

"Jẹ́ kó sìn ín," ni Samson wí. "Ká ká ẹní lásán nígbà mẹ́wàá."

Levi kò mọ ohun tó ń sọ. Samson kò dúró ṣàlàyé. Ó ti ń lọ sí etí gọ́tà, níbi tí Olúbísí dúró sí pẹ̀lú àpò rẹ̀ lọ́wọ́, ó gba àpò náà, ó dúró sí àárín ìyàwó rẹ̀ àti gọ́tà, ojú rẹ̀ sì ti kọjá èjìká ìyàwó náà lọ sí àtẹ̀gùn, níbi tí àwọn mìíràn ti ń gòkè bọ̀.